Fọ́tò Race Course, Ẹ Gbà Á Lò

Iṣẹ́ fọ́tò ni mo fi ń jẹun, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn. Apá kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi kì í kà kún iṣẹ́ rárá, òun gan-an ló sì dùn mọ́ mi jù. Lálẹ́, bí mo bá ti ọjà dé, mo máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, n óò ṣa èyí tó dára nínú fọ́tò tí mo yà, n óò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ibi tí mo ti yà á àti ọjọ́ tí mo yà á. Lẹ́yìn náà ni n óò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè lò ó láìsan kọ́bọ̀, bó bá ṣáà ti dárúkọ mi. Ìgbà yẹn ni mo tó gbà pé iṣẹ́ ọjọ́ náà parí.

Kumasi ní Ghana ni mo ń gbé, Race Course ni mo sì ti máa ń ya fọ́tò jù. Orúkọ ibẹ̀ ti sọ ohun tí wọ́n ń fi ibẹ̀ ṣe láyé òyìnbó: ibi tí ẹṣin ti ń sáré ìje ni. Lónìí, ọjà ni. Nígbà tí iṣẹ́ àtúnkọ́ ọjà Kejetia bẹ̀rẹ̀ ní 2015, tí àwọn oníṣòwò ní láti kó kúrò níbẹ̀, Race Course wà lára ibi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Ìsọ̀ onípákó, agboòrùn ńláńlá, tapólì tí wọ́n ta láti orí igi kan dé òmíràn, àwọn alábàárù tí ń ké sí èèyàn kó yà fún ẹrù: gbogbo rẹ̀ ló fún mọ́ra wọn lórí ilẹ̀ tí ẹṣin ti ń sáré tẹ́lẹ̀.

Irú ọjà bẹ́ẹ̀ kì í dúró lójú kan. Ìsọ̀ tó wà níbẹ̀ lónìí lè má sí níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Central Market àtijọ́ ní Kumasi, tí òrùlé páànù rẹ̀ lọ salalu bí ojú ti lè rí i tó, ti di ìtàn. Ọmọ tí wọ́n bá bí ní Kumasi lónìí kò ní mọ bó ṣe rí àfi kí ó rí fọ́tò rẹ̀. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé: ọwọ́ ta ni fọ́tò náà wà, ta ló sì láṣẹ láti lò ó?

Kì í ṣe òní ni ìbéèrè yìí bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà wọ Kumasi ni Friedrich Ramseyer, ajíhìnrere Basel Mission, ará Switzerland. Àwọn ọmọ ogun Asante mú òun àti ìyàwó rẹ̀ ní 1869, wọ́n sì wà nígbèkùn títí di 1874. Ó padà sí Kumasi ní 1896, ọdún kan náà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú Prempeh Kìíní, Asantehene, ìyẹn ọba Asante, lọ sí ìgbèkùn. Àwọn fọ́tò tó yà wà nínú àkójọ Basel Mission ní Switzerland títí dòní. Mo dúpẹ́ pé ó yà wọ́n, nítorí bí kò bá yà wọ́n, a kì bá tí rí nǹkan kan wò. Síbẹ̀, ojú àlejò ló fi wo ìlú náà, ilẹ̀ àlejò sì ni wọ́n kó fọ́tò náà pamọ́ sí.

Àwa Yorùbá tí a wà nílẹ̀ Asante ní ìtàn fọ́tò tiwa pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Ghana nígbà náà, pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn oníṣòwò Yorùbá tí wọ́n ti pẹ́ ní Kumasi, tí àwọn mìíràn bímọ tí wọ́n sì kọ́lé síbẹ̀, palẹ̀ ẹrù mọ́. Bàbá bàbá mi wà lára wọn. Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù nílé wa tó fi ìsọ̀ rẹ̀ hàn. Kò sí orúkọ lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ọdún. Ọkùnrin méjì dúró ti ìsọ̀ náà, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún wa mọ́ ẹni tí wọ́n jẹ́. Bí mo ṣe ń wo fọ́tò yẹn dàgbà ló mú kí n máa fi gbogbo ara kọ ohun tó wà nínú èyí tí èmi ń yà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òfin ṣe rí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àwòkọ ti Ghana, èyí tí wọ́n ń pè ní Act 690 ti ọdún 2005, fọ́tò tí mo bá yà fúnra mi ti di tèmi lójú ẹsẹ̀, bí n kò tilẹ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Ẹ̀tọ́ náà wà títí n óò fi kú, yóò sì tún wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú mi. Bí mo bá dákẹ́, òfin ti bá mi ti ìlẹ̀kùn nìyẹn. Pé mo gbé fọ́tò sórí Facebook, tí gbogbo ayé sì ń rí i, kò fún olùkọ́ kan láṣẹ láti fi í sínú ìwé tó ń kọ fún àwọn ọmọ. Ó ní láti wá mi kàn kó tọrọ rẹ̀. Bí mo bá ti kú, àwọn ọmọ mi ni yóò máa wá kiri, àti ọmọ ọmọ mi lẹ́yìn wọn.

Creative Commons, ẹgbẹ́ tí Lawrence Lessig àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2001, ló la ọ̀nà sí i. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2002, wọ́n gbé àwọn ìwé àṣẹ kan jáde tí oníṣẹ́ ọnà lè lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ láìgba lọ́yà. Lẹ́tà díẹ̀ ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. BY ń wí pé, kí o dárúkọ mi. SA ń wí pé, ohun tí o bá fi iṣẹ́ mi ṣe, kí ìwọ náà fún àwọn ẹlòmíràn lábẹ́ irú àṣẹ yìí kan náà. NC ń wí pé, má fi ṣòwò. ND ń wí pé, má yí i padà. BY-SA ni mo máa ń mú, orí Wikimedia Commons, ibi ìkójọ fọ́tò ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ni mo sì máa ń kó fọ́tò mi sí. Ibẹ̀ kì í gba NC, kì í sì í gba ND.

Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló dé tí mo gbà kí wọ́n fi ṣòwò. Ìdí ni pé ìwé tí àwọn ọmọ ń kà nílé ẹ̀kọ́, títà ni wọ́n ń tà á. Ìwé ìròyìn, títà ni. Òǹtẹ̀wé kékeré ní Ìbàdàn tàbí ní Tamale tó fẹ́ ṣe ìwé nípa ọjà ilẹ̀ Áfíríkà kò lówó tí yóò fi ra fọ́tò lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Bí mo bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ṣòwò, òun gan-an ni mo lé sẹ́yìn. Kí èèyàn sì ronú dáadáa kó tó fọwọ́ sí i, nítorí àṣẹ yìí kò ṣeé gbà padà. Mo lè má fún ẹnikẹ́ni ní òmíràn mọ́, àmọ́ èyí tí mo ti fi sílẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ohun kan wà tí ìwé àṣẹ kò lè fún ẹnikẹ́ni, ìyẹn ìyọ̀ǹda ẹni tí a ya fọ́tò rẹ̀. Ìyá kan wà ní Race Course tó ń ta òkìrìkà, ọmọ Yorùbá ni, Kumasi ni wọ́n sì bí i sí. Mo fẹ́ ya béèlì nígbà tí wọ́n bá ń tú u. Àárọ̀ ni mo lọ, kí oòrùn tó gun àtàrí, nítorí tapólì aláwọ̀ búlúù máa ń sọ awọ èèyàn di bíi ti aláìsàn nínú fọ́tò. Mo dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀nà ti ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ya fọ́tò yín bí ẹ ṣe ń tú béèlì."

"Níbo lo fẹ́ gbé e lọ?"

"Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, Ìyá. Ẹnikẹ́ni lè rí i níbikíbi tó bá wà, ó sì lè lò ó."

"Ṣé wọ́n lè fi pawó?"

"Wọ́n lè fi pawó. N kò ní lè dá wọn lẹ́kun."

Ìyá rò ó díẹ̀. "Ọwọ́ mi ni kí o yà, ọmọ mi. Má ya ojú mi. Ọwọ́ yìí ló ń ṣiṣẹ́ níbí."

Ọwọ́ ni mo yà. Ó ki ọ̀bẹ bọ abẹ́ okùn ike tó fún béèlì náà pinpin, ó fà á, okùn já fàù, aṣọ sì wú jáde láti ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Kò tíì gé okùn kejì tí ọwọ́ àwọn oníbàárà ti wọ inú rẹ̀. Ayàwòrán J. D. 'Okhai Ojeikere, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968, ẹ̀yìn orí ló yà nínú púpọ̀ lára wọn, kò sì sí ẹni tó wò wọ́n tí yóò sọ pé àwọn obìnrin náà kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọwọ́ Ìyá yìí rí: àpá ọ̀bẹ lórí àtàǹpàkò, òrùka fàdákà, iṣan tó yọ nígbà tó fa okùn. Mo fi hàn án nínú kámẹ́rà kí n tó kúrò níbẹ̀, ó sì ní ó dára. Ní ti ojú àwọn ọmọdé tí ń ru ẹrù níbẹ̀, n kì í gbé e síta rárá, nítorí wọn kò tíì dàgbà tó láti fọwọ́ sí ohun tí kò ṣeé gbà padà.

Kíkọ ló kù. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Fọ́tò tó ń jẹ́ nọ́ńbà tí kámẹ́rà fún un, kò sí ẹni tí yóò rí i láé. Ohun tí mo kọ sábẹ́ èyí nìyí: "Obìnrin oníṣòwò kan ń fi ọ̀bẹ gé okùn béèlì òkìrìkà, ọjà Race Course, Kumasi, Ghana." Mo kọ ọ́ ní Yorùbá, mo kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rẹ́ mi kan sì bá mi kọ ọ́ ní Twi. Mo máa ń rí i pé aago inú kámẹ́rà pé, kí ọjọ́ má baà ṣì. Bó bá jẹ́ ọjà, mo máa ń fi àmì ibi tó wà lórí máàpù sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé ẹnì kan, mo máa ń yọ ọ́. Láti orí Commons, fọ́tò kan náà lè wọ Wikipedia Yorùbá, ti Twi, ti Haúsá àti ti Dagbani láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún un gbé síbòmíràn.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ń sọ pé mò ń ba ọjà jẹ́ fún wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí ebi kì í ṣe àwàdà. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó, ìkómọ àti ìnáwó òkú ni wọ́n ń san owó rẹ̀ fún wa, n kì í sì í gbé ìyẹn síta, nítorí ohun ìkọ̀kọ̀ àwọn tó bẹ̀ wá níṣẹ́ ni. Ta ló ń san owó kí èèyàn lọ ya béèlì òkìrìkà? Bí a kò bá fúnra wa yà á, kò ní sí. Láti 2014 ni ìdíje fọ́tò Wiki Loves Africa ti ń pe àwa ayàwòrán Áfíríkà síta. Ní 2017, àwọn èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ní kí a yà. Ọ̀pọ̀ ohun tí mo mọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀ ọjà, nínú fọ́tò àwọn ayàwòrán tí n kò fojú kàn rí ni mo ti kọ́ ọ, nítorí pé àwọn náà fún wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Owó tí mo ń gbà lórí fọ́tò náà ni orúkọ mi. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Bí ẹnì kan bá lo fọ́tò mi láìdárúkọ mi, mo máa ń kọ̀wé sí i pẹ̀lú ìtẹríba, n óò sì júwe bí yóò ṣe kọ ọ́. Ẹ̀dà 4.0 ti ìwé àṣẹ náà, tó jáde ní 2013, sọ pé bí ó bá tún un ṣe láàárín 30 ọjọ́ tó mọ̀, àṣẹ rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Òfin tó fi àyè ìtúnṣe sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kámẹ́rà, tàbí fóònù tó ń ya dáadáa, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọjà tó sún mọ́ yín. Ẹ ya ohun tí ẹ mọ̀, ẹ gba ìyọ̀ǹda, ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀, ẹ sì fún aráyé láṣẹ lójú ayé yín. Tèmi ti wà nílẹ̀. Bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan bá ń wá Race Course lọ́jọ́ tí ọjà náà kò bá sí mọ́, tí èmi náà kò sì sí mọ́, yóò rí ọjà náà pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Kò ní wá ọmọ mi kiri láti tọrọ àṣẹ fún 70 ọdún. Mo ti fún un.