Fáwẹ́lì Inú Búrẹ́dì Agége

Ìyá kan wà ládùúgbò wa ní Agége tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Bó bá ti wọlé nírọ̀lẹ́, kó tó bọ́ bàtà, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin á ti gba ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

"Kí la fẹ́ jẹ?"

"Búrẹ́dì Agége, Mọ́mì."

"Ó yá, fà á gùn."

Bú-u, rẹ́-ẹ, dì-i, A-a, gé-e. Ẹ kà á: márùn-ún nínú fáwẹ́lì àìránmúpè méje tí Yorùbá ní ti pé. Owó ọkọ̀ tí ìyá ń ṣírò láràárọ̀ ló ni o àti ọ tó kù.

Ìyá yìí kì í jágbe mọ́ ọmọ rẹ̀, ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù. Bí ọmọ bá pe ẹ bí e, á fi ìka kan àgbọ̀n rẹ̀, á rọra fà á wálẹ̀. "La ẹnu sí i." Ìró ẹ á sì jáde gedegbe.

Àwọn òbí kan ní Yorùbá á ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. N ò gbà! Ìró tó sún mọ́ ti bed àti pot ti wà lẹ́nu ọmọ Yorùbá kó tó rí ìwé. Ship àti sheep ló ń yọ wá lẹ́nu, torí i kan ṣoṣo la fi ń pe méjèèjì. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn ni kẹ́ ẹ jókòó tì.