Ẹni tí ó ń ki ara rẹ̀: Muhammad Ali nínú The Greatest

Nínú The Greatest (1977), tí Tom Gries darí, Muhammad Ali fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Muhammad Ali, àfi ìgbà èwe rẹ̀ nìkan. Ó lè dà bí ẹni pé èyí sọ sinimá náà di òótọ́ pọ́ńbélé. A kò fara mọ́ ọn. Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò yìí ń ki ara rẹ̀ ni (ẹnu rẹ̀ sì dùn, a kò jiyàn). Onírárà a máa sọ òkò ọ̀rọ̀ sí àléébù ọba; ẹni tí ń ki ara rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí sinimá náà ti lágbára jù lọ ni ibi tí Ali kò ti ṣeré rárá: àwòrán ìjà gidi tí wọ́n mú kún un, títí kan ti Kinshasa ní 1974, níbi tí ó ti ṣẹ́gun George Foreman. Níbẹ̀, òun pàápàá kò tíì mọ ẹni tí yóò ṣubú. Níbi tí ó ti ń ṣeré, ó ti mọ̀.