Agbára 80, Ojúlówó Òdo

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ti to díìṣì rí mọ̀ pé ìlà méjì ló máa ń hàn lójú tẹlifíṣọ̀n: ọ̀kan fún agbára, èkejì fún ojúlówó. Agbára lè dé 80 kí ojúlówó wà ní òdo. Wáyà ti kan ara wọn lóòótọ́, àmọ́ sátẹ́láìtì tí à ń wá kọ́ ni díìṣì kọjú sí. Nǹkan bí 36,000 kìlómítà ló wà sókè. Bí díìṣì bá yẹ̀ díẹ̀ péré, ó tán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí dikódà wa wá gbogbo ìkànnì orí Intelsat 20. Oníwàásù pọ̀ níbẹ̀ jaburata. Mo jókòó, mo wò wọ́n. Mi ò ní purọ́: àwọn kan ń ka Bíbélì, wọ́n sì ń là á yé ni. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn, ariwo ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí nọ́ńbà báǹkì ń kọjá nísàlẹ̀. Agbára 80, ojúlówó òdo.

Ká tó dá wọn lẹ́bi tán, ẹ gbọ́ tiwa. Màmá kan nínú ìjọ wa ṣàìsàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Oníwàásù inú tẹlifíṣọ̀n ń bá wọn sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru. Nínú wa, títí kan èmi pásítọ̀, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn wọn. Àwa náà ń kọrin sókè lọ́jọ́ Ìsinmi o!

Ẹ má wulẹ̀ tú díìṣì yín. Ẹ ṣáà máa wo ìlà kejì, nínú oníwàásù àti nínú ara yín.