Òrígínà: Ojúlówó Ni àbí Àbínibí?

Ọ̀rọ̀ àyálò kan ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí: òrígínà. Lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì wa ní Ẹdẹ níbí, "òrígínà ni" túmọ̀ sí pé páàtì náà kì í ṣe ayédèrú. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ ní Amẹ́ríkà, ó túmọ̀ sí pé páàtì yẹn gan-an ló wà lára ọkọ̀ náà lọ́jọ́ tó jáde nílé iṣẹ́. Yorùbá ní orúkọ fún méjèèjì: ojúlówó ni ti àkọ́kọ́, àbínibí ni ìkejì.

Ẹ wo Ford Thunderbolt ọdún 1964. Ọkọ̀ eré ìje ni, irú eré tí ọkọ̀ méjì máa ń sá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú ọ̀nà tó tọ́ gbọọrọ, ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì. 100 péré ni wọ́n ṣe. Fairlane ni wọ́n mú, wọ́n ki ẹ́ńjìnì lítà 7 bọ̀ ọ́, wọ́n fi bọ́nẹ́ẹ̀tì fáíbà rọ́pò ti irin kó lè fúyẹ́, wọ́n sì yọ méjì nínú iná iwájú mẹ́rin kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ dé ẹ́ńjìnì. Tẹ́nì kan bá wá fi bọ́nẹ́ẹ̀tì onírin ti Fairlane sí i lónìí, èyí tí Ford fúnra rẹ̀ ṣe, ojúlówó ni o, àmọ́ kì í ṣe àbínibí ọkọ̀ náà.

Ibi tí èmi àti àwọn olùkójọ yìí ti yà nìyí. Èyí tí ẹ́ńjìnì àbínibí rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀. Bẹ́ẹ̀ eré ìje ló ń ba ẹ́ńjìnì jẹ́! Èyí tó sáré jù lọ lè jẹ́ èyí tí wọ́n ti pààrọ̀ páàtì rẹ̀ jù lọ. Ṣé jagunjagun tí kò ní àpá kankan lára la ó máa yìn? Mi ò ní kí wọ́n ju àbínibí nù o. Òun ni ẹ̀rí bí wọ́n ṣe ṣe ọkọ̀ náà. Ẹ̀rí ni, kì í ṣe oyè.

Nílé wa ńkọ́? Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 ní Kàdúná nígbà náà lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá yọ ìjókòó tó bá a jáde ní Kàdúná, tí ẹ fi ti Faransé sí i, ojúlówó lẹ fi rọ́pò àbínibí. Tòkunbọ̀ náà ńkọ́? Ó lè jẹ́ ojúlówó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ti tú u. Tó bá wá kan ọ̀rọ̀ bíréékì, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìyẹn, ayédèrú kò gbọdọ̀ fara pamọ́ sábẹ́ òrígínà.

Nítorí náà, tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ má kàn bi í pé ṣé òrígínà ni. Ẹ bi í pé: ta ló ṣe é? Ara ọkọ̀ wo ló ti wá? Ìbéèrè àkọ́kọ́ ló ń dáàbò bo ẹ̀mí yín, ìkejì ló ń pa ìtàn ọkọ̀ mọ́.