Ògbufọ̀ Tó Wà Láàárín Python àti Dátábéèsì

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni kí n máa wá ìdí tí ètò kọ̀ǹpútà fi ń falẹ̀ nígbà tó bá ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ dátábéèsì. Iṣẹ́ náà wù mí, kò sì tíì sú mi rí.

Edgar Codd, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, gbé ìlànà rẹ̀ lórí títo dátábéèsì jáde ní iléeṣẹ́ IBM lọ́dún 1970, orí ìlànà yẹn sì ni ọ̀pọ̀ dátábéèsì wa dúró lé títí di òní: àtẹ, ìlà àti òpó. Àwa tí a ń kọ Python kì í rí ìlà. Oníbàárà, ọ́dà àti ọjà là ń rí, tí ọ̀kan ń mú èkejì lọ́wọ́. Èdè àwọn méjèèjì kò dọ́gba, ìdí nìyí tí a fi nílò ògbufọ̀. SQLAlchemy tí Michael Bayer gbé jáde lọ́dún 2006 ni ògbufọ̀ tèmi. Mo sọ Python, ó sọ SQL, èdè tí dátábéèsì gbọ́.

Àmọ́ ẹni tó ń gba ẹnu ògbufọ̀ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ máa fetí sí ohun tí ògbufọ̀ ń wí. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ojúewé tó ń fi igba ọ́dà hàn, pẹ̀lú àwọn ọjà inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ń gbà tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án kó tó ṣí. Àwọn kan ní ká ra server tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kọ echo=True sínú create_engine, SQL bẹ̀rẹ̀ sí í tò sójú kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ kó igba ọ́dà wá lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè kan náà ń tún ara rẹ̀ sọ, nọ́ńbà ọ́dà nìkan ló ń yí padà. Mo kà á: gbogbo rẹ̀ jẹ́ 201.

SQLAlchemy kò ṣẹ̀. Àṣà rẹ̀ ni pé kì í kó ohun tí a kò tíì béèrè wá. Àwa la rán ọmọ lọ sọ́jà ra ata, tó dé, tí a tún rán an lọ ra iyọ̀. Mo fi selectinload sí i, ó fi IN béèrè ọjà gbogbo ọ́dà náà pọ̀. Ìbéèrè 201 di méjì.

Síbẹ̀, ìkejì wúwo. Mo fi EXPLAIN ANALYZE ṣáájú rẹ̀, PostgreSQL, dátábéèsì tí à ń lò níbẹ̀, sì dáhùn pé Seq Scan: ó ń ka àtẹ ọjà láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. PostgreSQL kì í fúnra rẹ̀ ṣe atọ́ka (index) fún òpó tó tọ́ka sí àtẹ mìíràn. Àwa la gbọ́dọ̀ ṣe é. A ṣe é, ojúewé náà sì ń ṣí wéré.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Dátábéèsì kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹni tó bá bi í, ẹni tó bá sì béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́, ẹ má méfò. Kí ẹ tó pààrọ̀ ìlà kóòdù kan ṣoṣo, ẹ kọ́kọ́ ka SQL tó jáde.