Láti Omi Ẹ̀rọ dé Kànga-dẹ̀rọ: Èdè Olóṣèlú àti Àìní Omi Ìlú

Ní Area 1, ní Garki, Abùjá, ni ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ omi wà. Ní Garki yìí kan náà, mẹ́ruwà ṣì ń ti ọmọláńkẹ́ kiri, ó ń ta omi inú kẹ́ẹ̀gì. Láti inú èdè Haúsá ni a ti yá orúkọ mẹ́ruwà, kò sì tíì di ọ̀rọ̀ àtijọ́. Ohun tí a fẹ́ tọ́ka sí nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé bí olóṣèlú ṣe ń pe omi láti ìgbà dé ìgbà ń fi hàn wá ẹni tí ó gbà pé ojúṣe òun ni.

Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀ ni owó omi. Ní 1908, ìjọba amúnisìn fẹ́ kí àwọn ará Èkó máa sanwó omi ẹ̀rọ tí wọn yóò fà láti Ìjù. Àwọn ará ìlú kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní kànga àwọn tó àwọn, pé nítorí àwọn òyìnbó ni wọ́n ṣe fẹ́ fa omi náà. Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ lọ́dún náà láti tako owó yìí. Nínú èdè ìgbà náà, ọjà ni omi. Ará ìlú sì lè sọ pé àwọn kò rà.

Nígbà tí ó yá, ará ìlú fúnra wọn ni wọ́n ń bèèrè omi ẹ̀rọ. Èdè ìlérí wá di èdè ọjọ́ àdéhùn. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya 1981 sí 1990 sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ omi mímu àti ìmọ́tótó. 1990 kọjá, 2030 ni wọ́n ń dá báyìí.

Lóòótọ́, kànga-dẹ̀rọ kì í ṣe ohun tuntun. Àjọ DFRRI tí ìjọba ológun dá sílẹ̀ ní 1986 gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n láti 1999 ni ó ti di ẹ̀bùn aṣòfin fún ẹkùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi gbólóhùn méjì wéra:

(1) Ìjọba ń pèsè omi.
(2) Ọnarébù gbẹ́ kànga fún wa.

Nínú (1), ìjọba ni olùwà, omi ni àbọ̀, ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ sì jẹ́ àìṣetán atẹ́rẹrẹ: iṣẹ́ náà kò lópin. Nínú (2), ènìyàn kan ni olùwà, kànga ni àbọ̀, ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ sì jẹ́ adáwà: a gbẹ́ ẹ, ó parí. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ lọ́la, gbólóhùn (2) kò di irọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà.

Ẹnì kan lè ní ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í wo gírámà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òfin pàápàá ń wo ọ̀rọ̀. Abala 16 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè 1999 dárúkọ ilé àti oúnjẹ tí ó tó fún ará ìlú, kò dárúkọ omi. Abala 20 ni omi ti jẹyọ, láàárín afẹ́fẹ́, ilẹ̀ àti igbó, gẹ́gẹ́ bí ohun tí ìjọba yóò dáàbò bò, kì í ṣe ohun tí yóò bù fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí òfin kò bá pè ní ẹ̀tọ́, kò ṣòro fún olóṣèlú láti pè é ní ọrẹ.

Ní oṣù Kọkànlá 2018, Ààrẹ Buhari kéde ìpò pàjáwìrì lórí ọ̀rọ̀ omi àti ìmọ́tótó. Ohun òjijì ni a ń pè ní pàjáwìrì. Àìní yìí kì í ṣe ti òjijì. Síbẹ̀, a rí i pé ọ̀rọ̀ náà sàn ju ẹ̀bùn lọ, nítorí pé ó dá gbèsè náà padà sọ́rùn ìjọba. Iṣẹ́ àwa olùkọ́ èdè ni kí a kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti máa bi gbogbo ìlérí pé: ta ni olùwà, kí sì ni àbọ̀?