"Inú mi dùn" kì í ṣe ẹ̀rí



Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri báyìí pé àwọn baba ńlá wa ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́ pé ìfun ló ń darí ọpọlọ. Kí ni ẹ̀rí? Wọ́n ní ṣebí a máa ń sọ pé "inú mi dùn," "inú ń bí mi," "onínúure." Wọ́n wá so èyí mọ́ ìwádìí tuntun lórí bakitéríà inú ìfun, wọ́n ní ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú, ìfun rẹ̀ ni kí a tọ́jú.

Èmi kò gbà. Bí "inú mi dùn" bá fi hàn pé ìfun ló ń ṣe ìdùnnú, a jẹ́ pé ojú ló ń ṣe ìtìjú nìyẹn, torí a ń sọ pé "ojú ń tì mí." Àyà ló sì ń ṣe ẹ̀rù, àbí? Èdè ń sọ bí nǹkan ṣe rí lára wa. Kò sọ ohun tó fà á.

Ìwádìí náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ohun gidi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́ta ni kí a bi í. Ṣé bakitéríà ló ṣe nǹkan náà? Ọ̀nà wo ló gbà dé ọpọlọ? Bí a bá dín in kù, ṣé ara aláìsàn á yá?

Amóníà yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bakitéríà ń ṣe é láti inú oúnjẹ bí ẹran àti ẹ̀wà. Ẹ̀dọ̀ tó dá ṣáṣá ń sọ ọ́ di ohun tí a ń tọ̀ dànù. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti bàjẹ́, amóníà á bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ: aláìsàn á máa sọ kántankàntan, á máa sùn lọ́sàn-án, ó tilẹ̀ lè dákú. Dókítà á fún un ní lactulose, tó ń mú kí ìgbẹ́ gbé amóníà jáde, iyè ọ̀pọ̀ wọn á sì padà.

Ti ẹ̀gẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1968, Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Ọ̀ṣuntókun ti UCH Ìbàdàn kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn Brain nípa àìsàn tó ń mú ẹsẹ̀ kú tipiri, tó ń mú ènìyàn ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tó ń ṣe ojú àti etí báṣubàṣu. Ó fura sí sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́. Lóòótọ́, linamarin tó bá ṣẹ́kù nínú oúnjẹ, bakitéríà ìfun lè yọ sáyánáìdì jáde lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Oluwole àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, àìsàn náà ṣì pọ̀ ní Ososa, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú; ìlú mìíràn tí sáyánáìdì ti pọ̀ lára àwọn ará ibẹ̀, àìsàn náà kò tó nǹkan níbẹ̀. Ọ̀nà wà, ẹ̀sùn kò tíì dúró.

Butyrate ló kẹ́yìn, èyí tí àwọn tó ń polówó fẹ́ràn jù. Bakitéríà ń ṣe é láti ara ohun tí inú wa kò lè dà nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Ní 2014, àwọn onímọ̀ ní Sweden rí i pé eku tí wọ́n tọ́ láìní bakitéríà, ògiri tó wà láàrin ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ rẹ̀ ń jò. Butyrate sì mú un le sí i. Ó dára. Ṣùgbọ́n eku ni.

Kí ló dé tí mo fi ń yọ ara mi lẹ́nu? Torí pé ẹni tó bá gba àsọdùn yìí gbọ́ lè dá oògùn ọmọ rẹ̀ dúró, kó máa fún un ní omi ògì. Ẹ mu ògì yín, ẹ jẹ irú yín. Oúnjẹ gidi ni wọ́n. Ẹ má fi wọ́n rọ́pò dókítà.

Irinṣẹ́ tí a fi ń ka jíìnì kòkòrò àìfojúrí wà ní Ẹdẹ wa níbí, ní Redeemer's University. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ìbéèrè kẹta yẹn, lára ènìyàn, lọ́wọ́ yín ló wà.